Mo Dé Ọjà Munich, N Kò Dé Ilé

Ìyá mi tó bí mi,

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ààwẹ̀ èṣí lẹ kú, wọ́n sì sin yín kí oòrùn tó wọ̀. Houston níbí ni mo wà, n kò lè bá a. Láti ìgbà náà ni yàrá yín ti wà ní títì pa. Àwọn àbúrò mi ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí i kó pín ẹrù yín, àfi èmi àkọ́bí. Gbogbo wọn ń wo ojú mi.

Mo gbéra lóṣù tó kọjá láti wá ṣí i. Sìdíkátù, àkọ́bí tèmi, tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ló mú mi dání. A ní láti dúró ní Munich nílẹ̀ Jámánì fún ọjọ́ kan kí a tó wọ bàálù mìíràn. Ó mú mi lọ sí ọjà oúnjẹ kan tí wọ́n ń ná ní gbangba láàárín ìlú, ọjà tó ti wà látayé àwọn baba ńlá wọn. Wọ́n to tòmátì bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀. Mo tẹ ọ̀kan wò bí ẹ ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, ọkùnrin tó ni ín sì jágbe mọ́ mi bí ẹni rí olè. Sìdíkátù ń bẹ̀ ẹ́, ó tún ń fi mí rẹ́rìn-ín. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Sìdíkátù, má fò ó.

Lẹ́yìn náà ni mo ra dàbínù, èyí tó rọ̀, tí ẹni tí kò léyín lè jẹ. Mẹ́ta lẹ máa ń kà sí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ tó ṣínu. Ṣé mẹ́ta náà ni níbẹ̀?

Nígbà tí obìnrin náà dì í tán, mo tẹ́wọ́ fún ènì. Kò mọ ènì. Ó rò pé mo fẹ́ bọ òun lọ́wọ́ ni, ó bá fi ọwọ́ méjèèjì gba tèmi mú. Kò sẹ́ni tó di ọwọ́ mi mú bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti kú. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ẹ̀yin ni mo ń ra dàbínù fún. Ta ni n bá gbé e fún?

Mo lè dúró níwájú sàréè yín. Ṣùgbọ́n kí n wọ yàrá yín, kí ẹ má bi mí bóyá mo ti jẹun, n kò lè ṣe é. Mo ní kí Sìdíkátù dá mi padà. Ó bẹ̀ mí títí, n kò gbọ́. Ṣé inú ń bí yín?

Sharpstown, àdúgbò wa ní Houston, ni mo padà sí. Bí Sìdíkátù bá lọ síbi iṣẹ́, èmi àti fèrèsé ló kù. Mọ́tò ń kọjá, ẹnì kan kì í yà.

N kò ní lè wá, Ìyá mi. Sìdíkátù ni yóò wá. Àwọn àbúrò mi ń kùn pé obìnrin ni. Obìnrin ló kọ́ ilé tí wọ́n ti ń kùn. Ohun tó bá ṣí, èmi ni mo ṣí i. Bó bá ṣe pín in, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pín in. Sìdíkátù, o ti gbọ́. Ó dọwọ́ ẹ.

Èmi ni, ọmọ tí ẹ kọ́kọ́ pọ̀n.