Tẹlifíṣọ̀n Bàbá Gun Ògiri

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta
Bàbá tún fara ti tẹlifíṣọ̀n lónìí. Ó fa àga sún mọ́ ọn bí ẹni fẹ́ wọnú ẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún pẹrẹsẹ lẹ́yìn ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n mì lórí tábìlì. Bó bá wó lu bàbá mi ńkọ́? Ojú wo ni màá fi wo ẹ̀gbọ́n mi — Mo-Ti-Sọ, bí mo ṣe ń pè é nínú ìwé yìí? Òun ló ní kí n má gbé Bàbá wá sọ́dọ̀ mi, pé mi ò ní sùúrù. Màá pe oníná kó gbé e kọ́ ògiri.

Ọjọ́rú, 6
Oníná dé. Ó ń fi ìka kan ògiri káàkiri. Apá kan dún bíi garawa òfìfo — pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ó ní kò lè gbé nǹkan kan. Apá kejì, bíríkì gidi. Ó yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí wáyà iná níbẹ̀, ó lu ihò, ó de irin mọ́ ọn. Kó tó gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́, ó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ irin náà. Ọkùnrin yẹn tóbi o. Irin ò mì.

Mo ní kó gbé e sókè dáadáa, kọ́wọ́ Bàbá má tó o. Ó béèrè bóyá Bàbá máa ríran débẹ̀. Mo ní ojú Bàbá dá ṣáṣá, etí nìkan ló kù díẹ̀ káàtó. A ò bi Bàbá fúnra ẹ̀. Ó jókòó láàárín wa, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 7
Mo sùn fọnfọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Bàbá ò wo tẹlifíṣọ̀n mọ́. Mo bá a ní kíṣìnnì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé fíríìjì, ó dijú. Mo kígbe sí i létí, bóyá ebi ló ń pa á. Ó ní rárá.

“Èyí ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo tiẹ̀ fi ṣàwàdà fún ọ̀rẹ́ mi, pé àgbà ti ń ṣe bí ọmọdé.

Ọjọ́ Ajé, 11
Mo-Ti-Sọ wá kí wa. Kò tíì jókòó tó fi rí tẹlifíṣọ̀n lókè. Mo fi ìgbéraga ròyìn irin, bíríkì, gbogbo ẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ tán.

“Ọwọ́ ni Bàbá fi ń gbọ́ ọ. Ó ti pẹ́. Bó bá fọwọ́ lé e lẹ́yìn, á mọ̀ bóyá ọkùnrin ló ń ka ìròyìn ni àbí obìnrin. O ò bi í ni?”

Mi ò bi í. Ẹ̀gbọ́n mi ò sì sọ pé òun ti sọ — ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo ní oníná á padà wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bàbá ti ń di báàgì. Ó gbá mi léjìká jẹ́jẹ́.

“Ọmọ mi, o káre. Ilé ẹ dáa. Ó kàn dákẹ́ jù fún mi ni.”

Wọ́n jọ lọ.

Ọjọ́rú, 13
Oníná ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí bíríkì kan náà, ní ìwọ̀n ẹni tó jókòó. Ó tún rọ̀ mọ́ ọn wò. Kò mì. Kò sóhun tó ní ká má gbé e síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kó gbé fóònù fún Bàbá, kí n tọrọ àforíjì, kí n bẹ̀ ẹ́ kó padà wá. Ó bi mí pé:

“Kí ni Bàbá fẹ́ fi gbọ́ ọ?”