Ife Rẹ Tó Kọjú Sókè

Ladjifarani, Parakou
Oṣù Kẹta, 1981

Fọláránmi ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le, ṣé omi Kútọnu ń bá ọ lára mu? Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ kò ní jẹ́ kí o ṣìnà. Àwa náà wà, ẹsẹ̀ tó ń dùn mí nìkan ni kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Sùlè tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin ti gbé àwòrán tí o yà dé ọwọ́ mi. Mo mọ tábìlì wa lójú ẹsẹ̀, èyí tí gbogbo ilé ń yí ká lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí bàbá rẹ wà láyé. Ṣùgbọ́n kò séèyàn kankan nídìí rẹ̀, ọsàn orí rẹ̀ sì búlúù. Bí irú rẹ̀ bá wà ní Kútọnu, jọ̀wọ́ má jẹ ẹ́. Eṣinṣin tí o yà sórí àkàrà, Mùtíátù aládùúgbò wa fi etí aṣọ lé e títí, kò lọ. Délégé tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò náà wá wò ó, ó ní kámáráàdì, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo èèyàn báyìí, àwọn òṣìṣẹ́ dà nídìí tábìlì yìí? Mo ní kó fọkàn balẹ̀, wọ́n wà lọ́nà.

Torí mo ti rí ife rẹ lórí tábìlì inú àwòrán náà. O mọ̀ pé nílé wa, ẹni tó bá rìnrìn-àjò, a ó dojú ife rẹ̀ dé kí ẹlòmíràn má baà fi mumi, ọjọ́ tó bá ń bọ̀ la ó tó ṣí i. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ tí o sì padà lọ ni tìrẹ ti dojú dé. O wá yà á, ó kọjú sókè. Mo ní ọmọ mi ló ránṣẹ́ yìí, ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo fọ ife, mo gún iyán, mo pe Mùtíátù àtàwọn ọmọ rẹ̀, mo sì fẹsẹ̀ rìn dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀ tán, n ò rí ọ. Sùlè ló mú mi lọ́wọ́ wálé, ó ní Ìyá Fọláránmi, àwòrán lásán ni, àwọn ayàwòrán máa ń ya ohun tí àárò rẹ̀ ń sọ wọ́n. Mo sunkún, n ò ní purọ́ fún ọ.

Àwòrán náà wà lára ògiri. Mo máa ń bi í pé ṣé àwọn èèyàn ò tíì dé ni, àbí wọ́n ti lọ.

Owó ni mo tún ń tọrọ, ṣùgbọ́n má fi rán Sùlè. Fi wọ ọkọ̀, kí o máa bọ̀. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ, ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n, ojú wa yóò tún ríra.

Èmi ìyá rẹ,
Àbíkẹ́

Mi ò tíì dojú ife náà dé. Àràárọ̀ ni mò ń gbọn eruku inú rẹ̀ dànù.