Nítorí Kí Ọmọ Mi Lè Sinmi

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń sùn, ṣé o ń jẹun? Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú, mo kí ọ kú àìfararọ àsìkò yìí. Àjàkálẹ̀ àrùn tó gba gbogbo ayé kan kò ní í mọ ojúlé rẹ, àṣẹ. Kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, bàbá rẹ kò kú o. Mo tètè sọ ọ́ nítorí mo mọ̀ ọ́, o kì í ka lẹ́tà dé ìdí kí o tó sunkún. Ó wà ní ọsibítù, egungun ìhà rẹ̀ méjì ló dá, télọ̀ ojúde wa ló sì dá a, mo sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé o rántí pé nígbà tí àrùn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, o sọ fún mi pé fóònù kò sinmi níbi iṣẹ́ yín, pé ẹni tó wúkọ́ ń pe áńbúláǹsì, ẹni tó sín ń pe áńbúláǹsì, oúnjẹ ọ̀sán rẹ sì ń tutù lórí tábìlì? Àánú rẹ ṣe mí. Mo tilẹ̀ pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára áńbúláǹsì láti bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Ọkùnrin kan ló gbé e, ó ní ṣé ẹni náà ń mí, mo ní gbogbo wa là ń mí, bóyá ọmọ mi ti jẹun ni mo fẹ́ mọ̀. Ó bá mi wí bí ẹni ń bá ọmọdé wí.

Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé, èmi ìyá rẹ, n ó bá ọ dín iṣẹ́ kù. Mo wọ ìbòmú mi, mo ń lọ láti ilé dé ilé, mo ń dúró síta, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe áńbúláǹsì o, ọmọ mi ló ń gbé fóònù yẹn, ẹ jẹ́ kó sinmi. Gbogbo wọn gbà, nítorí ẹ̀rù ọsibítù ti ń bà wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ni àrùn ń gbé.

Nígbà tó yá o ní àwọn tó ń pè ti dín kù. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọ̀rọ̀ mi ti wọ̀ wọ́n létí. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ kò dùn. O ní èyí ló ń bà ọ́ lẹ́rù jù, pé àwọn tí àyà ń dùn kò pè mọ́, ìgbà tí ọkàn wọn bá ti dáwọ́ dúró sínú ilé ni ẹbí ń pè, ẹ̀pa ò sì bóró mọ́. Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Bí oníbàárà bá wọ́n, ọlọ́jà ló ń sunkún, ṣùgbọ́n àìsàn ni ọjà tìrẹ, kí lo ń wá oníbàárà fún? Mo rò pé àárẹ̀ ló mú ọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ìyá oníbúrẹ́dì, ọ̀rẹ́ mi, kú sórí àga rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ní láti àárọ̀ ló ti ń di àyà mú, òun fẹ́ pe áńbúláǹsì, ìyá náà ní kó má dààmú ọmọ ọ̀rẹ́ òun. Mo lọ kí wọn, mo sunkún, mo padà sílé mi. N kò tíì fi ọ̀kan wé èkejì nígbà yẹn.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, bàbá rẹ jẹun àárọ̀ tán, ó ní nǹkan kan jókòó lé òun láyà. Ó ní ṣé ká pe ọmọ ni, mo ní ó ti rẹ ọmọ. Mo lọ bu omi wá fún un, kí n tó dé ó ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, kò dáhùn, kò sì mí. Mo fi igbe ta. Télọ̀ sáré wọlé, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò bi mí ní nǹkan kan, ó pe nọ́ńbà yẹn, ó gbé fóònù sílẹ̀, ohùn obìnrin kan sì ń jáde nínú rẹ̀, ó ń sọ ohun tí yóò ṣe fún un. Ni télọ̀ bá kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àyà bàbá rẹ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni. Mo mú ìgbálẹ̀, mo nà án lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, kò gbójú sókè. Mo ké sí inú fóònù pé, “Ọmọ mi, ṣé ìwọ nìyẹn?” Ohùn náà ní, “Mà, ẹ jẹ́ kó máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi kà á sókè.” Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo ń kà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Télọ̀ ní ẹsẹ̀ lòun fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ lójoojúmọ́, lọ́jọ́ yẹn òun kàn fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ni, bí ẹ̀rọ náà ṣe ń yá ni òun ṣe jẹ́ kí ọwọ́ òun máa yá.

Áńbúláǹsì pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀ dúró síta, wọ́n ń wọ aṣọ funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo ní ṣé ibi ìyàwó ni ẹ̀ ń lọ ni? Wọ́n ní nítorí àrùn ni, àwọn ò gbọdọ̀ wọlé láìwọ̀ ọ́. Wọ́n lẹ nǹkan méjì mọ́ bàbá rẹ láyà, iná ẹ̀lẹ́tíríìkì gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ó mí. Mo bi wọ́n bóyá iná yẹn máa wà nínú bíìlì ilé wa, wọ́n ní inú báàgì làwọn gbé e wá. Iná nínú báàgì! Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n kọ ẹni tó sún mọ́ aláìsàn jù, mo kọ télọ̀, nítorí òun ló wà lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà, télọ̀ ni ọsibítù ń pè. Wọn ò jẹ́ kí èmi wọlé wò ó, ẹnu télọ̀ ni mo ti ń gbọ́ pé ọkọ mi ti ń jẹun, ó sì ń bú télọ̀ nítorí ìhà rẹ̀.

Ìgbà tí mo mú ìgbálẹ̀ yẹn láti gbálẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ mi, ṣé èmi ni mo pa á? Mo ti padà lọ láti ilé dé ilé, mo ní bí àyà bá dùn yín, ẹ pè o, ẹ pè. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ilé oníbúrẹ́dì, ẹnu mi kò là. Ọmọbìnrin rẹ̀ ní òun dúpẹ́ pé mo wá wo àwọn, ó fún mi ní búrẹ́dì kan. Ó wà lórí tábìlì báyìí, n kò lè jẹ ẹ́. Ojú ló ń tì mí tí n kò fi pè ọ́, tí mo fi ń kọ̀wé.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Mo fẹ́ ra káàdì fóònù, mo sì fẹ́ ra aṣọ fún télọ̀, á rán an fúnra rẹ̀.

Dá mi lóhùn lórí ohun kan. Ṣé ìwọ lo wà nínú fóònù ọjọ́ yẹn? Ohùn náà jọ tìrẹ, ṣùgbọ́n kò kí mi, ìwọ kì í sì í bá mi sọ̀rọ̀ láìkí mi. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, mo ti dárí àìkíni jì ọ́. Tí kì í bá ṣe ìwọ, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Bó bá ní ìyá nílé, ní kó kìlọ̀ fún un pé kó má bá òun dín iṣẹ́ kù.

O ò ní rí àìsàn, o ò ní fi ọwọ́ gbá òfo. Gbogbo fóònù tí o bá gbé, Ọlọ́run jẹ́ kí ẹni náà ṣì máa mí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ