Ìkúnlẹ̀ Mi ní Ilé-Ìwé Tìmi

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn, mo kí Màmá pẹ̀lú. Orúnkún Màmá ńkọ́, ṣé òróró tí mo fi ránṣẹ́ ń bá a lára mu? Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n Délé àti ìyàwó wọn. Àwa náà wà láàyè ní Atlanta níbí. Òtútù ti ń yọ́ wọlé. Láàárọ̀ a ó wọ súwẹ́tà, tó bá di ọ̀sán a ó bọ́ ọ sọ sẹ́yìn ọkọ̀. Mo mọ̀ pé inú yín lè má dùn pé mo jẹ́ kí lẹ́tà yìí jáde ní gbangba. Ẹ má bínú. Àwọn òbí bíi tèmi pọ̀ níbí, ẹni tó bá sì jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú ni mo fẹ́ dáhùn. Ẹ ní kí n rán Tìmílẹ́yìn ọmọbìnrin mi wálé, kí ẹ fi í sí ilé-ìwé tí wọn yóò ti tọ́ ọ sọ́nà, kí Amẹ́ríkà má bàa bà á jẹ́ tán. Inú ọkọ̀ la wà, gbogbo ọkọ̀ ló sì ń gbọ́ ohùn yín. Ọmọ tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó kàn kọjú sí wíńdò títí a fi délé.

Mi ò ní rán an wálé, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ilé-ìwé girama tó ń lọ kò jìnnà sí àdúgbò wa ní Ellenwood. Odindi ìlú ni. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ń wa mọ́tò ara wọn wọlé, àwọn yòókù á wọ bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Báàgì wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ rọ́bà tí ojú ń rí inú rẹ̀. Wọ́n á gba abẹ́ ẹ̀rọ kọjá lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ wọ bàálù, ọlọ́pàá sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìbọn nídìí. Wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe pa iná kíláàsì, kí wọ́n sá sábẹ́ tábìlì, kí wọ́n má mí, tí ẹni ibi bá gbé ìbọn wọlé. 

Síbẹ̀ ó fẹ́ràn ibẹ̀ nítorí ẹgbẹ́ onífèrè. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù wọn tó ṣe gbọọrọ yẹn, ẹgbẹ́ náà á wọ aṣọ pupa, wọ́n á máa yan lórí pápá, Tìmi á wà ní ìlà iwájú. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ nílé, ẹ wo bó ṣe ń gbé àyà sókè níbẹ̀. Ẹ bi mí, mo máa ń sunkún.

Lọ́jọ́rú kan nínú oṣù tó kọjá, mo wà níbi iṣẹ́ ní Jonesboro, mò ń wẹ̀ fún bàbá arúgbó kan tí mò ń tọ́jú, ni ilé-ìwé bá pè pé kí n máa bọ̀. Sìgá ìgbàlódé kan wà tí wọ́n ń pè ní vape, kò tóbi ju bírò lọ, èéfín rẹ̀ ń ta sánsán bí òórùn èso. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ òórùn rẹ̀ ké nínú ilé ìyàgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin. Mẹ́rin ni wọ́n bá níbẹ̀, Tìmi wà lára wọn. Àpótí fèrè Tìmi nìkan ni kò ṣeé rí inú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti yọ vape náà. Ó ní òun gbé àpótí sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi nígbà tí òun wọlé, òun kò mọ ẹni tó ki nǹkan bọ̀ ọ́.

Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin oníwàtútù kan, ló jókòó sẹ́yìn tábìlì. Ọlọ́pàá dúró ti ògiri. Bàbá, ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò rí ojú ọmọ mi dáadáa. Ẹ̀yin ni mo rántí, lọ́jọ́ tí wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n Délé fọ́ gíláàsì ilé-ìwé, tí ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀gá wọn. Ẹ ní ẹ̀bẹ̀ la ń bẹ òṣìkà kó tú ìlú ṣe, pé ká bẹ̀ ẹ́ kí ọkàn rẹ̀ rọ̀ ná, ká tó ṣàlàyé. Mo kúnlẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì wọn. Mo ní kí wọ́n ṣàánú, pé ọmọdé ni, kí wọ́n dárí jì í, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Obìnrin náà ní kí n jọ̀ọ́, kí n dìde. Ó wo ọlọ́pàá, ọlọ́pàá náà wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kọ̀ǹpútà. Tìmi náà ní kí n dìde. Yorùbá ló fi sọ ọ́, ohùn rẹ̀ wọ́ bíi ti àwọn ọmọ ibí, ṣùgbọ́n mi ò ní gbàgbé rẹ̀ láé.

Wọ́n ní kó máa lọ sílé, kó dúró de ìgbìmọ̀ tí yóò pinnu bóyá wọn yóò gbé e lọ sí ilé-ìwé àwọn ọmọ tó yajú. Aunty Bísí, tí a jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà, ló là mí lójú. Ó ní níbí, ẹni tó tọrọ àforíjì ti jẹ́wọ́. Ó ní ọmọ mi ti fi gbogbo òwúrọ̀ sọ pé òun kọ́, èmi ìyá rẹ̀ sì fi ìkúnlẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan sọ pé òun ni.

Ilé wa di ibi tí èèyàn ti ń fi ọgbọ́n rìn. Bàbá Tìmi wà lójú ọ̀nà Texas pẹ̀lú tírélà rẹ̀, orí fóònù ló ti ń bínú. Mò ń pa iṣẹ́ jẹ, ọ̀gá mi ti ń fapá jánú. Tìmi á kí mi láàárọ̀, á fọ abọ́, á ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ Ẹtì, atẹ́gùn gbé ìró ẹgbẹ́ onífèrè láti pápá wá sí ilé wa. Ó dìde, ó pa wíńdò dé. Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, mo sì padà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé ìpè yín ni ìgbìmọ̀ jókòó. Wọ́n bi Tìmi bóyá òun ló ni vape náà, ó ní rárá. Wọ́n wá bi mí pé bí kò bá ṣe é, kí ni mo ń tọrọ àforíjì fún. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń bá àwọn arúgbó ṣeré níbi iṣẹ́ sá lọ.  Ni Tìmi bá nawọ́ sókè bí ẹni tó wà ní kíláàsì. Ó ní bí èèyàn bá fẹsẹ̀ kọ òkúta lójú títì, ìyá òun á ní pẹ̀lẹ́, kì í sì í ṣe ìyá òun ló gbé òkúta síbẹ̀. Ó ní ìyá òun a máa bẹ dókítà, a máa bẹ ẹni tó gba àyè ìgbọ́kọ̀sí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní ẹ̀bẹ̀ ni ìyá òun fi ń kí ẹnikẹ́ni tó bá lágbára láti pa á lára. Ó ní òun kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjẹ́wọ́.

 Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà jáde lọ jíròrò tí wọ́n tún wọlé, wọ́n ní kó padà sí kíláàsì. Fèrè ni kò ní fọwọ́ kàn títí Kérésìmesì yóò fi kọjá.

Nínú ọkọ̀, mo ní kó kú iṣẹ́, pé Ọlọ́run ti ṣe é. Ó ní mi ò bi òun. Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Ó ní láti ọjọ́rú yẹn, mo kúnlẹ̀, mo gbààwẹ̀, mo sunkún, mi ò bi òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ṣé ìwọ ni. Òótọ́ ni, Bàbá. Ẹ̀rù ìdáhùn ló ń bà mí. Mo bi í nígbà náà, ó ní ó ti pẹ́ jù, pé àwọn àjèjì ti ṣáájú mi bi òun.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó rántí ìyókù ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Délé. Kí ẹ tó mú wa jáde nílé lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, ẹ ti mú Ẹ̀gbọ́n wọ yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ bi í, ẹ sì gbà á gbọ́. Ìgbà tí ẹ ṣe ìyẹn tán lẹ tó lọ dọ̀bálẹ̀. Ìdajì ẹ̀kọ́ yín ni mo gbé wá sí òkè òkun.

Nítorí náà, mò ń bẹ̀ yín, ẹ̀bẹ̀ yìí sì jẹ́ ti ẹni tó jẹ̀bi: ẹ bá mi bẹ ọmọ mi. Ẹ̀yin ni àgbà tí mo lè rán sí i. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, òun ni yóò gbé fóònù, èmi yóò jáde síta. Ẹ má pa òwe fún un, ẹ má sì dárúkọ ilé-ìwé kankan ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ kọ́kọ́ bi í, bí ẹ ṣe bi Ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì dákẹ́ títí yóò fi dáhùn.

Ọlọ́run á dá ẹ̀yin àti Màmá sí fún wa, ẹ ó fi ọwọ́ ara yín fa Tìmi lé ọkọ lọ́wọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́