Ìlà Méjì Lára Ògiri Àdúgbò Wa

Sátidé, Ìkìrun.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ewì níléèwé, àmọ́ ìyá méjì ló kọ́ èmi náà lónìí.

A kọ ewì àdúgbò wa sára ògiri. Ilé kọ̀ọ̀kan mú ìlà kan wá, mo sì ń fi ọ̀dà kọ ọ́. Màmá Ìbà àti Alhájà ló ń bà mí lẹ́rù. Láti ìgbà tí wọ́n ti jà nítorí gọ́tà àárín ilé wọn, wọn kì í kí ara wọn mọ́.

Màmá Ìbà kò mọ̀wé. Wọ́n ní, “Tíṣà, bá mi kọ ọ́ báyìí: Gọ́tà ló mú wa jà, omi kànga kan náà la ṣì jọ ń mu.”

Mo rò pé Alhájà máa bínú lọ ni. Àmọ́ Alhájà gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, wọ́n sì kọ tiwọn sábẹ́ rẹ̀.

“Kí ni wọ́n kọ?” Màmá Ìbà bi mí.

Alhájà fúnra wọn ló kà á fún wọn: “Ẹ kú ilé o, aládùúgbò mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n kí yín.”

Màmá Ìbà fi etí ìró wọn nu ọ̀dà kúrò lọ́wọ́ Alhájà.