Òdo Tí Tíṣà Fún Tawakalitou

Èjìgbò,
Oṣù kẹta, 1976.

Tawakalitou ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé ara le, ṣé Abidjan ò gbóná jù? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, àgbébọ̀ rẹ ti pamọ, òjò àkọ́rọ̀ sì ti ṣí páànù ilé ìdáná. Ọlọ́run tó mú ọ sọdá ọ̀sà kò ní jẹ́ kí o rì sínú ìwé, àmín.

Lẹ́tà tí o fi rán Sìrájù awakọ̀ dé ọwọ́ mi, mo sì kà á títí ojú fi ro mí. Irú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà wo lẹ ń kọ́ nípa rẹ̀ ní yunifásítì Cocody yìí gan-an? O ní ẹ máa ń lu ihò sára káàdì, ẹ ó tò ó fún un kó lè mọ iṣẹ́ tí ẹ rán an, bí ihò kan bá sì ṣì, á kọ gbogbo rẹ̀. Ọmọ mi, ẹ̀rọ yẹn gbéra ga o! Ṣé o máa ń kúnlẹ̀ kí i kó o tó gbé káàdì fún un? Ẹni tó bá le tó bẹ́ẹ̀, ìkíni ló máa ń mú un rọ̀. O tún ní tíṣà yín ní kò sẹ́ni tó lè gba ogún nínú ogún, pé Ọlọ́run ló ni ogún. Ìyẹn dùn mọ́ mi, ó jẹ́ olùbẹ̀rù Ọlọ́run.

Òdo tó fún ọ ni kò yé mi. O ní káàdì Pélagie ọ̀rẹ́ rẹ dà sílẹ̀ ní èbúté Plateau, gbogbo rẹ̀ dàrú, ni o bá yá a ní tìrẹ kó wò ó ṣe. Tíṣà rí i pé iṣẹ́ yín jọra, ó fún ẹ̀yin méjèèjì ní òdo, bẹ́ẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ ní mẹ́wàá kí ìjọba tó máa san bourse, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ yín, lọ. O wá ní bí wọ́n bá gba bourse yẹn, o máa kó ẹrù wálé. Mo sunkún. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ rí ọ o, àárò rẹ ń sọ mí gidi.

Ẹ̀yìn náà ni Treichville, àdúgbò tí a gbé ní Abidjan, wá sí mi lọ́kàn. Mo ṣì ń pọ̀n ọ́ nígbà náà, èmi àti Òkéwùmí ọ̀rẹ́ mi jọ ń din àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà, afẹ́fẹ́ ọ̀sà á máa fẹ́ èéfín sí wa lójú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ewúrẹ́ da ẹ̀wà lílọ̀ mi nù. Òkéwùmí bu ìdajì tirẹ̀ sínú abọ́ mi. Àkàrà wa jọra lọ́jọ́ náà, àwọn Jùlá oníbàárà wa ń rà lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń rà lọ́dọ̀ mi, kò sẹ́ni tó torí pé wọ́n jọra sọ pé òun ò ní sanwó. Èrè ibẹ̀ ni mo fi ra wàrà fún ọ. Áà, ayé ìgbà yẹn dùn! Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ́ sí ọ létí pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Nítorí náà, mo ń bọ̀ wá bá tíṣà yín sọ̀rọ̀, bàbá rẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Fi owó ọkọ̀ rán Sìrájù, àti díẹ̀ tí n ó fi ra bàtà, torí mi ò lè wọ sálúbàtà dé Cocody. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ohun tí o mọ̀ sọ ọ́ di ahun. Má tíì di ẹrù kankan. Sọ fún tíṣà kó fún ìwọ àti Pélagie ní máàkì yín, kó sì fi òdo yẹn pamọ́ dè mí. Ìwọ kọ́ lo kọ́ ara rẹ láti máa fúnni. Èmi ni mo kọ́ ọ, èmi ni kó fún ní òdo.

Èmi ìyá rẹ,
Salimatou.