Yíǹkì Tí Kò Bẹ̀rù Òjò

Abúlé Gorna Slivka,
Ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́ oṣù kẹrin.

Ralitsa ọmọ mi,

Mo wà láàyè. Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, ṣùgbọ́n mo fi èyí síwájú nítorí ọmọ Ìyá Kera aládùúgbò wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Sofia níbẹ̀ lè ti pè ọ́ láti bá ọ kẹ́dùn ikú mi. Tó bá ti pè, sọ fún un pé o ṣeun, àti pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, o sì mọ bí ìkọ̀wé mi ṣe máa ń dagun sí òsì bí ògiri ilé ewúrẹ́ wa, kò sí ẹni tó lè fara wé e.

Ó yá, báwo ni o? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ṣé yàrá tó o háyà yẹn ti ń gbóná díẹ̀, àbí onílé ṣì ń sọ pé òun á tún páìpù ṣe lọ́la? Ọlọ́run á máa bá ọ lọ, á máa bá ọ bọ̀ nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí mi ò fẹ́ràn yẹn, ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbé ọ síbi tí wọ́n ti ń sunkún, ohun tí o fi ọwọ́ rẹ ṣe kò ní di ti ẹlòmíràn. Èmi náà ń dúpẹ́. Orúnkún máa ń dùn mí tí òjò bá ṣú, ewúrẹ́ bí méjì, igi èso tí bàbá rẹ gbìn sẹ́yìnkùlé ti funfun fún òdòdó, adìyẹ pupa yẹn kú, ṣùgbọ́n ó ti dàgbà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí gùn díẹ̀, fara balẹ̀ kà á. O mọ̀ pé èmi ni mò ń gbálẹ̀, tí mò ń dáná sítóòfù ní ọ́fíìsì abúlé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tó wà níbẹ̀ kú lóṣù tó kọjá níbi tó ti ń tẹ ìwé àṣẹ igi ìdáná, ó gbé ìwé kan mì, kò pọ̀ ọ́ mọ́. Ọ́fíìsì yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n èrò ibẹ̀ kò kéré. Ìwé owó ìfẹ̀yìntì ni o, ìwé ewúrẹ́ ni o, ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ ni o, títí kan ìwé òkú, tó ní fọ́tò àti orúkọ olóògbé, tí à ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn àti òpó iná. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ìdí sítóòfù ni àwọn èèyàn ti máa ń tò dé ìta. Genchev olórí abúlé wa wá sọ pé ọ̀rọ̀ omi kò jẹ́ kí òun ráyè, kí n lọ sí ìlú dípò òun láti yan ẹ̀rọ tuntun. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ èmi. Ó ní èmi ni mo wà níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, àti pé mo ní ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Sofia. Ìwọ lo sọ mí di ọ̀mọ̀wé, mo kí ọ.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, kì í ṣe nítorí Genchev ni mo ṣe gbà. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún ni bàbá rẹ máa pé ọdún kan tí wọ́n ti kú. Ṣé o rántí ìwé ogójì ọjọ́ wọn? Rárá, o kò lè rántí, iṣẹ́ kò jẹ́ kó o wá. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì wa láàárọ̀, òjò rọ̀ lọ́sàn-án, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ojú bàbá rẹ ti ṣàn wá sórí orúkọ wọn, imú wọn ń kán sílẹ̀ tó, tó, tó. Mo dúró níbẹ̀, mo sunkún ju ọjọ́ tí a sin wọ́n lọ. Mo sọ fún ara mi pé ìwé ọdún kan kò ní rí bẹ́ẹ̀ lójú mi láéláé. Ohun tó gbé mi lọ sí ìlú nìyẹn.

Ọkùnrin tó dá mi lóhùn nínú ṣọ́ọ̀bù ń jẹ́ Lyuben, ó sanra, ó sì ní sùúrù. Ó ní ojú ìwé mélòó là ń tẹ̀ lóṣù kan. Mo ní ó kù sọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní báwo. Mo ṣàlàyé fún un pé òtútù oṣù kejì ló máa ń mú àwọn àgbà lọ, pé tí ẹnì kan bá kú, ogún ìwé là ń tẹ̀, tó bá pé ogójì ọjọ́ a tún tẹ̀, tó bá pé oṣù mẹ́ta a tún tẹ̀, oṣù mẹ́fà, ọdún kan, lẹ́yìn náà ó di ọdọọdún, títí àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ fúnra wọn á fi kú, a ó sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Lyuben gbé bírò sílẹ̀. Ó ní ọ́fíìsì tí ọwọ́ rẹ̀ dí gan-an nìyẹn. Mo ní a kì í sinmi.

Ó wá gbé ẹ̀rọ méjì kalẹ̀ níwájú mi. Ó ní méjèèjì ló ń tẹ̀wé, wọ́n ń ṣe ẹ̀dà, wọ́n sì ń ya àwòrán ìwé sínú kọ̀ǹpútà. Mo bi í pé èwo ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú gbogbo rẹ̀, torí ẹni tó bá ní òun ni káfíńtà, òun náà ni bíríkìlà, òun náà ni oníṣẹ́ iná, ilé onítọ̀hún ló máa ń jò. Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn, inú páálí kékeré ni yíǹkì rẹ̀ wà, tó bá tán kó o ra òmíràn. Èkejì ní àgbá lẹ́gbẹ̀ẹ́, inú ìgò lo ti máa rọ yíǹkì sí i bí bàbá rẹ ṣe máa ń rọ ọtí rakia. Èyí tó lágbàá wọ́n jù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń ra ọtí ní ife-ife rí mọ̀ pé ẹni tó ra àgbá ni owó ń ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́.

O ti sọ fún mi lórí fóònù pé kí n wo bó ṣe yára tó. Mi ò ní aago lọ́wọ́, mo bá ní kí Lyuben tẹ bọ́tìnnì kí n máa gba Àdúrà Olúwa. Ti onípáálí, mo ti dé ibi oúnjẹ òòjọ́ wa kí ìwé tó yọjú. Ti alágbàá, mi ò tíì bọ̀wọ̀ fún orúkọ Rẹ̀ tán tó fi jáde. Lyuben ní àmín.

Ó ní méjèèjì kò nílò wáyà. Inú bí mi, torí mo ń wo wáyà lójú ara mi tó wọ inú ògiri. Ó ní wáyà iná nìyẹn, kì í ṣe ti ọ̀rọ̀, pé inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ á máa gbà wọlé. Mo ní tí mo bá ṣí fèrèsé ńkọ́. Ó ní kò ṣe nǹkan kan. Síbẹ̀ mo máa ń tì í tí ẹnì kan bá fẹ́ tẹ̀wé, torí Lyuben kò mọ irú ẹ̀fúùfù tó ń fẹ́ lábúlé wa.

Ó wá ku yíǹkì. Mo ní kó fi ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tẹ ìwé òkú kan fún mi kí n gbé wọn sábẹ́ omi. Ó ní fọ́tò ta ni kí òun lò. Fọ́tò bàbá rẹ wà nínú àpò mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbé e, mi ò lè gbé ojú yẹn sábẹ́ omi lẹ́ẹ̀kejì. Mo fún un ní káàdì ìdánimọ̀ tèmi. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́: Neda Ralcheva, ó pé ọdún kan tí o ti fi wá sílẹ̀, ìyá wa ọ̀wọ́n. Mo kà á, mo ní ó dára. A lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, a da omi lé wọn lórí. Lórí ìwé ti onípáálí, irun mi nìkan ló ṣẹ́ kù. Lórí ti alágbàá, omi ń ro lára mi, mo sì ń wo Lyuben bí mo ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀. Mo ní kó di ti alágbàá fún wa. Lyuben fi ìwé náà sínú fóònù mi, ó ní kí n fi dán ẹ̀rọ wò tí a bá délé, pé mo lè jókòó sílé mi kí ó sì jáde ní ọ́fíìsì. Nígbà tí ẹ̀rọ dé ọ́fíìsì, Genchev ní kí n yan ọ̀rọ̀ ìwọlé fún un tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Mo yan Shara, orúkọ ewúrẹ́ wa, mo sì sọ ọ́ fún gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kí wọ́n lè bá mi rántí.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, mo jókòó ní kíṣìnnì, mo tẹ bọ́tìnnì fóònù. Mi ò rí ìwé kankan, ọ̀rọ̀ Lyuben pé ọ́fíìsì ló máa jáde sí ti fò lórí mi. Mo wo abẹ́ tábìlì, mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé bóyá ọ̀nà ló jìn, mo tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Shara fi ké pé ó tó àkókò láti fún wàrà, mo ti tẹ̀ ẹ́ tó ọgbọ̀n ìgbà.

O mọ Bàbá Docho tó ń bá abúlé lẹ ìwé òkú. Ó gbé garawa àtè rẹ̀ dé ọ́fíìsì ní kùtù Ọjọ́bọ̀, ó bá ìwé lẹ́nu ẹ̀rọ, kò sì wọ awò ojú. Ohun tí ẹ̀rọ bá pọ̀ ni Bàbá Docho ń lẹ̀. Ó lẹ̀ mí mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó lẹ̀ mí mọ́ ilé búrẹ́dì, ibùdókọ̀, òpó iná mẹ́sàn-án, ó sì wá lẹ̀ mí mọ́ géètì èmi fúnra mi. Stanka oníbúrẹ́dì náà ti fi orúkọ Shara tẹ ìwé bí wọ́n ṣe ń rẹ kábéèjì sínú omi iyọ̀ láti ilé rẹ̀, ìyẹn náà wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ní ẹ̀gbẹ́ mi.

Ìyá Kera ló kọ́kọ́ dé, ó gbé òdòdó mẹ́fà àti abọ́ àlìkámà bíbọ̀ tí a fi ń ṣèrántí òkú. Ó bá mi níbi tí mo ti ń da oúnjẹ fún adìyẹ. Kò kígbe. Ó wo géètì, ó wò mí, ó pe orúkọ mi, ó ní ìwé ní mo ti kú láti ọdún tó kọjá, òun sì ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí ọgbà lánàá, kí ló dé tí mi ò fi sọ fún òun. Mo ní èmi náà ò gbọ́. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n òun ti ra òdòdó, wọn ò sì ní gbà á padà. Mo gbà á, mo yọ ọ̀kan fún ewúrẹ́ kó lè ku márùn-ún, torí òdòdó tó bá pé méjì-méjì, ti òkú ni. A jókòó, a jẹ àlìkámà náà. Kera kò háwọ́ ṣúgà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dé títí di ọ̀sán. Genchev bínú, ó ní kí Bàbá Docho lọ ya gbogbo rẹ̀ dànù. Bàbá Docho ní kí Genchev ya á fúnra rẹ̀ tó bá láyà, pé ọwọ́ tó bá fa ojú èèyàn ya kúrò lára géètì, ojú mìíràn ló ń pè síbẹ̀, òjò nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Òótọ́ ló sọ, èmi náà ò lè ya á. A wá ń retí òjò. Ó rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó rọ̀ ní Sátidé, ó fi yìnyín sí i lánàá. Ojú mi kò ṣàn. Mo ṣì wà lórí òpó iná mẹ́sàn-án, Stanka ní àwọ̀ mi tiẹ̀ tún mọ́ sí i. Nítorí náà ẹ̀rọ yẹn dára, mo ti fi ara mi dán an wò, bàbá rẹ lè gun orí géètì láìséwu.

Ní ti owó, mi ò ní béèrè lọ́tẹ̀ yìí. Ọ́fíìsì ló ń ra yíǹkì, kóòtù mi sì lè dúró di ìgbà òtútù, ìgbà yẹn ni kó o rán owó rẹ̀. Fọ́tò ni mo fẹ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni ti káàdì ìdánimọ̀ wọn, níbi tí wọ́n ti lejú bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lejú bẹ́ẹ̀ mọ́ wa fún ọdún kan gbáko. Ọwọ́ rẹ ni èyí tó o yà nígbà ìkórè wà, tí wọ́n la ẹnu rẹ́rìn-ín, tí eyín iwájú kan kò sí níbẹ̀. Lyuben ní láti Sofia pàápàá o lè rán an kó jáde níbí. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ní agogo mẹ́wàá, màá ti lé gbogbo èrò sẹ́yìn, màá ti fèrèsé, màá sì dúró ti ẹ̀rọ náà. Fi bàbá rẹ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kó o tẹ̀ ẹ́.

Ó ku ohun kan tí mi ò fẹ́ kọ, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní mo kú yẹn, bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé òdòdó wọlé, ọ̀nà ibùdókọ̀ ni mò ń wò. Mo mọ̀ pé o kò gbọ́, mo mọ̀ pé kò sí bó o ṣe lè gbọ́, síbẹ̀ ọ̀nà yẹn ni mò ń wò títí oúnjẹ adìyẹ fi tán lọ́wọ́ mi. Tó o bá rò ó pé kó o kúkú fi ọwọ́ ara rẹ gbé fọ́tò náà wá, ọkọ̀ agogo méje ṣì ń ná ọ̀dọ̀ wa, èmi á sọ fún ẹ̀rọ pé kó má ṣe wàhálà.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, o ò ní ṣe ohun tí o máa kábàámọ̀, àwọn tó o fẹ́ràn á pẹ́ fún ọ. A ó fojú kan ara wa láìpẹ́, nínú ilé, kì í ṣe lára géètì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Neda.